Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ń wo akẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ìdánwò: kí ni wọ́n ń jiyàn lé lórí gan-an?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, àwọn olùkọ́ wọn àti àwọn tó ń ṣètò ìdánwò: ṣé ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti akẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí ìyẹn ti ń ṣe ìdánwò ìmọ̀ọ́ṣe, kó máa wo bó ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, bó ṣe ń tẹ ikùn wò, bó ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀, kó sì sọ ohun tó rí fún un nígbà tó bá parí? Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n ní wọ́n ti gbé ìwé máàkì lé ọmọléèwé lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní ọgbọ́n àtidín owó kù lásán ni. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe fúnra wọn nínú yàrá láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n kàn wá fún lórúkọ. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sábà ń dà pọ̀ mọ́ra nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn wíwo ènìyàn, sísọ ohun tí a rí fún un, àti fífún un ní máàkì, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wọn jìn síra.

Irú ìdánwò wo là ń sọ?

Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní OSCE ni, ìkékúrú Objective Structured Clinical Examination. Kó tó dé, bí wọ́n ṣe máa ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò ni pé wọ́n á fi í sọ́dọ̀ aláìsàn kan fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà ni àwọn olùdánwò á wá máa da ìbéèrè bò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí aláìsàn rẹ̀ mọ ìtàn àìsàn ara rẹ̀, tó sì lẹ́nu àtisọ ọ́, á rí i bí ẹni pé iṣẹ́ rọrùn. Èyí tí aláìsàn tirẹ̀ kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà á jìyà ohun tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Bí olùdánwò bá tún wá jẹ́ ẹni líle, kò sí ẹlòmíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ lè sá tọ̀.

Lọ́dún 1975, Ronald Harden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Dundee ní Scotland gbé ètò mìíràn jáde. Wọ́n pín ìdánwò náà sí ibùdó kéékèèké tó tò tẹ̀ lé ara wọn. Bí aago bá dún, akẹ́kọ̀ọ́ á kúrò ní ibùdó kan bọ́ sí èkejì. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń bá níbẹ̀, ìwé máàkì kan náà sì ni olùdánwò fi ń wò wọ́n. Níbi púpọ̀ lónìí, ibùdó kan máa ń gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Aláìsàn tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ aláìsàn àdíbọ́n, ìyẹn ẹni tí ara rẹ̀ le ṣùgbọ́n tí wọ́n ti kọ́ bí yóò ṣe sọ àìsàn kan bí ẹni pé ó ń ṣe é lóòótọ́. Howard Barrows ló bẹ̀rẹ̀ àṣà yẹn ní Los Angeles ní 1963, ọdún méjìlá ṣáájú ìwé Harden.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí a mọ̀ kí a tó kúrò níbí. Lọ́dún 1990, George Miller to ìmọ̀ dókítà sí ìpele mẹ́rin: kí ènìyàn mọ nǹkan, kó mọ bí a ṣe ń ṣe é, kó fi hàn pé òun lè ṣe é, àti pé kó máa ṣe é ní ti gidi lẹ́nu iṣẹ́. A lè fi ìwé àti bírò dán ìpele méjì àkọ́kọ́ wò. OSCE wà fún ìpele kẹta, kò sì sí ọ̀nà kankan tí a lè gbà mọ ẹni tó dé ìpele yẹn láìjẹ́ pé ojú kan wà níbẹ̀ tó ń wò ó. Ojú ta ni? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wá ojú akẹgbẹ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 100 fẹ́ ṣe OSCE tó ní ibùdó 12, tí ibùdó kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú àkókò ìrìn. Àwọn méjìlá ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wákàtí méjì ni wọn yóò sì fi yí i ká. Ìyípo mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn yóò gbà. Bí iléèwé bá tẹ́ ibùdó náà sí ọ̀nà mẹ́ta kí ó lè parí lọ́jọ́ kan, yóò gba wákàtí mẹ́fà láìka ìsinmi, yóò sì nílò olùdánwò 36, tó jẹ́ pé dókítà tó ní aláìsàn tó ń dúró dè é ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ iléèwé kì í fi í lè ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ léraléra.

Bí ọjọ́ náà bá wá dé tán, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rí gbà kéré. Láàárín aago kan sí èkejì, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni olùdánwò ní láti fi máàkì sí ìwé, kí ẹlòmíràn tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni èsì yóò jáde, nọ́ńbà ni yóò sì jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba 58 nínú 100 níbi àyẹ̀wò àyà kò mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni kò dára, bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni, tàbí bóyá ó kàn gbàgbé láti fọ ọwọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ti wọ́. Bí kò bá sí ẹni tó sọ fún un, bó ṣe lànà náà ní wíwọ́ ni yóò máa là á títí tí yóò fi di dókítà.

Akẹgbẹ́ pọ̀, ó sì wà nítòsí. Ohun tó gbé e wọ inú ètò nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń lò ó yàtọ̀ síra. Ní ibì kan, àwọn mẹ́ta ló ń dánra wò pọ̀: ọ̀kan á ṣe dókítà, ọ̀kan á díbọ́n bí aláìsàn, ẹ̀kẹta á mú ìwé máàkì dání, wọ́n á sì máa gba ipò ara wọn. Ní ibòmíràn, àwọn tó ti ṣíwájú ní ọdún kan tàbí méjì ló ń wo àwọn àbúrò wọn. Èyí tó ń dá awuyewuye sílẹ̀ jù ni ẹ̀kẹta, níbi tí wọ́n ti fi àkíyèsí akẹgbẹ́ sínú OSCE tí iléèwé fúnra rẹ̀ ṣètò: akẹ́kọ̀ọ́ méjì á wọ ibùdó pọ̀, ọ̀kan á ṣiṣẹ́, èkejì á wò, nígbà tí aago bá dún, wọ́n á lo ìṣẹ́jú bíi mélòó kan láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ibùdó tó kàn, níbi tí ẹni tó wò tẹ́lẹ̀ yóò ti wá di ẹni tí à ń wò.

Kí ni wọ́n ń pè ní àbọ̀ àkíyèsí?

Ẹni tí a rán níṣẹ́ máa ń padà wá jábọ̀. Àbọ̀ àkíyèsí jọ bẹ́ẹ̀: ẹni tó wò ń jábọ̀ fún ẹni tó ṣe, kí ó lè mọ bí ohun tó ṣe ṣe rí lójú ẹni tó wà níta. Lọ́dún 1983, Jack Ende kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí àwọn olùkọ́ ìṣègùn ṣì ń tọ́ka sí, níbi tó ti ya àbọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdájọ́. Ìdájọ́ ń sọ ibi tí ènìyàn dé, ó sì máa ń dé nígbà tí iṣẹ́ ti parí. Àbọ̀ ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń dé nígbà tí ènìyàn ṣì lè tún un ṣe. Ó ní kí ó dá lórí ohun tí ojú rí, kí ó má pẹ́ kó tó dé, kí ó sì mọ sórí ohun tí ènìyàn lè yí padà.

Ìyàtọ̀ náà hàn gbangba bí a bá gbé e wá sórí iṣẹ́. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Akẹgbẹ́ rẹ̀ lè ní, "O ṣe dáadáa, àmọ́ fọkàn balẹ̀ díẹ̀ sí i." Inú rere ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi í ṣe. Ó sì lè ní, "Apá aláìsàn ń rọ̀ dirodiro nígbà tí o ń wọ̀n ọ́n, kò sinmi lé nǹkan kan, ìyẹn sì lè mú kí nọ́ńbà náà ga ju bó ṣe rí lọ." Ẹni tó gbọ́ èyí mọ ohun tí yóò ṣe lọ́la. Bákan náà ni ní ibùdó ọ̀rọ̀ sísọ: "O kò fi àánú hàn" jẹ́ ìdájọ́ lórí ìwà ènìyàn, ó sì lè dá ìjà sílẹ̀, "Nígbà tó sọ pé irú àìsàn yìí ló pa bàbá òun, ìwé lò ń kọ, o kò gbójú sókè, o sì bọ́ sórí ìbéèrè nípa oògùn" jẹ́ ohun tí ojú rí, kò sì sí àyè láti jiyàn sí i.

Ìlànà tó gbajúmọ̀ jù fún sísọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí David Pendleton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1984. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ sọ ohun tó rò pé òun ṣe dáadáa, ẹni tó wò á fi tirẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ṣiṣẹ́ á sọ ohun tí ì bá ṣe lọ́nà mìíràn, kí ẹni tó wò tó dá sí ìyẹn náà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àléébù má baà jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí etí yóò gbọ́. Àwọn tó bu ẹnu àtẹ́ lù ú ní ó ti dàbí orin tí gbogbo ènìyàn mọ ègbè rẹ̀: bí wọ́n bá ti ń yin ènìyàn, ńṣe ni ó ń dúró de "ṣùgbọ́n" tó ń bọ̀, kò sì ní gbọ́ ìyìn náà.

Ewu tó wà níbẹ̀ sì ju ti etí dídi lọ. Lọ́dún 1996, Avraham Kluger àti Angelo DeNisi kó ìwádìí nípa àbọ̀ jọ láti oríṣiríṣi ẹ̀ka iṣẹ́, wọ́n rí i pé lápapọ̀ ó ń ran iṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n pé ní ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìwádìí náà, ẹ̀yìn ni ó mú kí iṣẹ́ ẹni padà sí. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé bí àbọ̀ bá ti gbé ọkàn ènìyàn kúrò lórí iṣẹ́ lọ sórí irú ẹni tí òun jẹ́, agbára rẹ̀ ń dín kù. Àwọn tó fara mọ́ ètò akẹgbẹ́ àti àwọn tó ń ta kò ó ló jọ ń tọ́ka sí ìwádìí kan náà yìí: àwọn ti àkọ́kọ́ ní ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń jábọ̀, àwọn ti ìkejì ní ìdí rẹ̀ nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi í lé wọn lọ́wọ́.

Ṣé ẹni tó ń wò náà ń jẹ èrè kan?

Ibí yìí ni ìjà kò ti pọ̀ rárá. Ẹni tó bá ti jókòó sí àga olùdánwò rí, tó di ìwé máàkì mú, máa ń rí ohun kan tí kò sẹ́ni tó lè fi ẹnu sọ fún un: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rò nínú ọkàn kò hàn síta. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wo ọwọ́ aláìsàn, kó rí i pé èékánná rẹ̀ kò ní àbùkù, kó sì kọjá lọ. Lójú ẹni tó jókòó, kò wo èékánná kankan. Ẹ̀kọ́ pé kí ènìyàn máa fi ẹnu sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń wá yéni yékéyéké láti orí àga yẹn ju orí ìdúró lọ.

Ó tún ń gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbà béèrè ìbéèrè kan náà. Àwọn ìbéèrè tó le lẹ́nu, bíi ti ìbálòpọ̀, ọtí mímu tàbí èrò àtipa ara ẹni, ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń jí gbólóhùn fún lẹ́nu akẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó burú nínú olè bẹ́ẹ̀.

Máàkì ńkọ́? Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì tó ṣeé gbára lé?

Ìdáhùn sí èyí dúró lórí irú ìwé máàkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwé tó to ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti máa fàlà sí: ó fọ ọwọ́, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó gba àyè lọ́wọ́ aláìsàn. Èkejì ni èyí tó ní kí olùdánwò wo gbogbo iṣẹ́ náà pọ̀, kó sì sọ bóyá ó yege dáadáa, bóyá ó wà ní bèbè, tàbí bóyá ó kùnà. Lórí ti àkọ́kọ́, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti kọ́ yóò kọ sábà máa ń sún mọ́ ti olùkọ́, nítorí ó ṣe é tàbí kò ṣe é ni. Lórí ti ìkejì, wọn kì í sábà ṣe déédéé, akẹgbẹ́ sì máa ń lawọ́ ju olùkọ́ lọ.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé tó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kì í ṣe èyí tó ń mọ ọ̀jáfáfá. Brian Hodges àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto fi èyí hàn ní 1999: lórí ìwé tó to ìgbésẹ̀, àwọn dókítà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ gba máàkì tó kéré sí ti àwọn tí wọ́n ṣì ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ wọn, nítorí àgbà kì í béèrè gbogbo ìbéèrè kó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Lórí ìwé àpapọ̀, àgbà ló léwájú. Láti rí ìyẹn, ojú tó ti rí aláìsàn púpọ̀ ni ó gbà.

Ohun kejì jìn díẹ̀, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń mú kí àwọn aláṣẹ ìdánwò kọ̀ jálẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, wọn kì í kàn sọ pé 50 ni ààlà. Àwọn tí olùdánwò bá kà sí ẹni tó wà ní bèbè ni wọ́n fi ń ṣírò ààlà ibùdó kọ̀ọ̀kan, yálà nípa wíwo máàkì tí àwọn yẹn gbà tàbí nípa fífi ìṣirò so ìdájọ́ àpapọ̀ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ mọ́ máàkì wọn. Nítorí náà, bí ìdájọ́ àpapọ̀ bá wọ́, kì í ṣe ẹnì kan ló kàn, ààlà gbogbo ọmọ kíláàsì ló ṣí nípò. Ìdí nìyí tí ètò àbọ̀ akẹgbẹ́ fi máa ń wà nínú ìdánrawò, tí kò sì wọ́pọ̀ kí wọ́n jẹ́ kí máàkì akẹgbẹ́ pinnu ẹni tó yege. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá wọn ni yóò sọ wọ́n di dókítà tàbí kó dá wọn padà lè fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn.

Ó yẹ kí a fi kún un pé ojú olùdánwò fúnra rẹ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n wúrà. Àwọn kan le, àwọn kan rọ̀; àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ń fi àwòdì àti àdàbà pè wọ́n. Ọ̀kan lára ìdí tí OSCE fi ní ibùdó púpọ̀ ni pé kí ìlekoko ẹnì kan lè pàdé ìrọ̀rùn ẹlòmíràn.

Kí ni àwọn tí kò fẹ́ ẹ ń sọ?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé àṣìṣe lè ràn. Bí ẹni tó ń wò kò bá mọ ibi tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀ wà, yóò fàlà rere sí ọwọ́ tó tẹ ibòmíràn, ìdánilójú ẹni tó ṣàṣìṣe náà á sì lé ní ìlọ́po méjì. Àwọn tó fẹ́ ètò náà kò sẹ́ èyí. Èsì wọn ni pé kí olùkọ́ kan máa rìn yí ká láàárín ibùdó mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ìwé máàkì sì ní àlàyé tó kún.

Ìkejì ni ìtìjú. Ènìyàn lè ṣàṣìṣe níwájú olùkọ́ tí kò ní mọ orúkọ rẹ̀ lọ́la, kó sì gbàgbé. Èyí tó ṣe níwájú ẹni tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà lè di àwàdà tí kò ní tán. Àwọn kan ní àníyàn yìí máa ń dín kù bí wọ́n bá ti ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí gbogbo ènìyàn sì ti bọ́ sípò méjèèjì. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ìbẹ̀rù ìdánwò ti ń bá jà tẹ́lẹ̀ kò nílò ojú kún ojú.

Àṣírí ìbéèrè tún wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí ibùdó kan láàárọ̀ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lọ́sàn-án tó dé. Fún ìdánrawò, èyí kò ba nǹkan jẹ́. Fún ìdánwò gidi, ó lè bà á jẹ́ pátápátá. Àwọn kan sì ń béèrè bóyá ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sanwó iléèwé máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó fún olùkọ́ láti ṣe. Ìdáhùn tí wọ́n sábà ń gbọ́ ni pé àtijábọ̀ fún ẹlẹgbẹ́ wà lára iṣẹ́ dókítà, àti pé ibì kan ni a ti gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ìdáhùn náà kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, ó sì hàn pé kò dáhùn ìbéèrè owó tí wọ́n béèrè.

Kí ló mú kó gbóná lásìkò yìí?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìdánwò ńlá wà lára rẹ̀. Láti 2004 ni Amẹ́ríkà ti fi ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní Step 2 CS kún USMLE, ìyẹn àwọn ìdánwò ìwé àṣẹ iṣẹ́ dókítà, níbi tí ènìyàn ti ń rí aláìsàn àdíbọ́n méjìlá lọ́jọ́ kan. Ìlú márùn-ún péré ni wọ́n ti ń ṣe é, owó rẹ̀ sì ti kọjá 1,200 dọ́là ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, láìka ti ọkọ̀ àti ilé ìtura, bẹ́ẹ̀ ìdá tó ju 90 lọ nínú 100 àwọn tó ń jáde ní iléèwé ìṣègùn Amẹ́ríkà ló ń yege lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àrùn kòrónà mú kí wọ́n dá a dúró ní oṣù Kẹta 2020; ní oṣù Kínní 2021, wọ́n kéde pé kò ní padà mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, Kánádà náà fi òpin sí apá kejì MCCQE, ìyẹn ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà tiwọn, èyí tó ti wà láti 1992.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, General Medical Council, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà níwèé àṣẹ, fi lélẹ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń jáde láti sáà ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò tuntun kan fún ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n iléèwé kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe apá ìmọ̀ọ́ṣe rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, lábẹ́ òfin tí ìgbìmọ̀ náà gbé kalẹ̀. Bí ọ̀nà wọn ṣe yàtọ̀ tó yìí, ọ̀dọ̀ iléèwé ni ẹrù já sí ní gbogbo ibẹ̀: àwọn ló ku kí wọ́n rí i dájú pé ojú kan wo ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kó tó di dókítà, láìsí pé iye olùkọ́ wọn dandan pọ̀ sí i.

Ibo ni wọn kò tíì fẹnu kò sí?

Ẹni tó ń wò lè rí ohun tó ju àléébù lọ. Ó lè rí akẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi abẹ́rẹ́ tó ti kan nǹkan mìíràn gún ènìyàn, tó kọ oògùn fún aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé oògùn náà kì í bá òun lára mu, tàbí tó fọwọ́ kan ara aláìsàn láìgba àyè. Ṣé láàárín àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò mọ, nítorí pé ìdánrawò ni, àbí ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ olùkọ́? Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n máa kó gbogbo ìwé akẹgbẹ́ jọ sínú fáìlì akẹ́kọ̀ọ́, kí olùkọ́ lè rí àṣìṣe tó ń padà wá láti oṣù dé oṣù. Àwọn tó lòdì sí ìyẹn ní bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mọ̀ pé olùkọ́ yóò ka ohun tí òun kọ, "O ṣe dáadáa, àmọ́ fọkàn balẹ̀ díẹ̀ sí i" ni gbogbo ìwé náà yóò máa wí. Àbá tó wà láàárín méjèèjì ni pé kí ọ̀rọ̀ máa jẹ́ ti àwọn méjì tó wọ ibùdó, àyàfi ohun tó bá lè pa aláìsàn lára, kí wọ́n sì sọ ìyẹn fún wọn kí wọ́n tó wọlé. Ibi tí ààlà "ohun tó lè pa aláìsàn lára" wà, àti ẹni tí yóò fà á, ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí.